Fífọ̀ Nìkan Kọ́: Àwọn Ìperí fún Ìtọ́jú Aṣọ Òwú Àfọwọ́hun Nínú Ilé

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún ìtọ́jú aṣọ nínú ilé wò, a óò sì gbìyànjú láti fi hàn bí wọ́n ṣe lè di ìperí tí olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè lè gbẹ́kẹ̀ lé. Aṣọ tí a ní lọ́kàn ni aṣọ òwú tí a fọwọ́ hun, pàápàá jù lọ ẹtù àti kíjìpá. Sányán àti àlàárì yóò máa yọjú níbi tí ìfiwéra bá ti pè fún wọn, nítorí pé sílíkì, èyí tí kòkòrò ń ta láti ara rẹ̀, ni a fi ń hun àwọn méjèèjì ní ìpìlẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti dáhùn apá kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1984, ó fún wa ní àwòkọ́ṣe bí a ṣe lè ṣẹ̀dá ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ aṣọ yàtọ̀ sí èyí. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kò sí. Ọ̀rọ̀ wà, àwa tí a ń kọ̀wé ni a kì í lò wọ́n. Obìnrin tí ó ń tọ́jú ẹtù ìyá rẹ̀ nínú àpótí mọ ìyàtọ̀ láàárín fún àti lọ́, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ká àti ṣẹ́po. Nígbà tí a bá wá kọ ìwé fún ọmọ rẹ̀, a ó kọ 'ẹ fọ aṣọ náà dáadáa, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀', a ó sì rò pé a ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Aṣọ tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ìran mẹ́ta lè bàjẹ́ ní ọ̀sán kan ṣoṣo nítorí irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀. A óò sì rí i níwájú pé nínú ọ̀rọ̀ kan, ewu náà ju ti aṣọ lọ.

2. Kí ni aṣọ náà jẹ́?

A kò lè sọ bí a ṣe ń tọ́jú ohun kan bí a kò bá kọ́kọ́ sọ ohun tí ó jẹ́. Níhìn-ín gan-an ni ìṣòro ìperí ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, òwú ń tọ́ka sí ohun mẹ́ta: ewéko tí ó ń so ó lóko, ohun funfun múlọ́múlọ́ tí a ń ká lára ewéko náà, àti okùn tín-ín-rín tí a fi ń ránṣọ tàbí tí a fi ń hunṣọ, ìbáà wá láti oko, ìbáà wá láti ara kòkòrò, ìbáà sì wá láti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá sọ pé 'òwú máa ń lágbára sí i nínú omi', ọmọ tí ó ti gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pe okùn dídán inú aṣọ òkè ìgbàlódé ní òwú yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni èyí náà rí. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

A dábàá pé, nínú ìwé ìmọ̀, kí òwú dúró fún ohun tí a ká lóko nìkan; kí fọ́nrán jẹ́ orúkọ fún ẹyọ tín-ín-rín kọ̀ọ̀kan tí ó para pọ̀ di òwú náà; kí okùn-ìhun sì jẹ́ orúkọ fún ohun tí a ti ran tí ó ti ṣetán fún òfì. Okùn-ìhun tí ó lọ gbọọrọ lórí òfì ni a óò pè ní okùn òòró, èyí tí ó ń dábùú rẹ̀ ni okùn ìbú. A kò ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí pé ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa 'ìbú àti òòró' ilẹ̀ tàbí aṣọ ti ń lo ìperí náà láìmọ̀.

Fọ́nrán òwú jẹ́ sẹ́lúlóòsì, ohun kan náà tí ó pọ̀ nínú igi, ewé àti bébà. (Ìdí nìyí tí ikán fi ń jẹ ẹ́.) Bí omi bá kàn án, ó máa ń wú. Lórí òfì tí àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ òkè, a máa ń na okùn òòró jìnnà síwájú ahunṣọ, a ó sì fi ohun wíwúwo, bí òkúta, fà á kí ó lè le. Ní gbogbo ìgbà tí híhun ń lọ lọ́wọ́, kò sí ìgbà tí okùn náà sinmi. Nígbà tí aṣọ bá kúrò lórí òfì tí omi sì wọ inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, fọ́nrán wú, okùn náà sì padà sí ìwọ̀n tí ì bá wà bí ẹnikẹ́ni kò bá nà án. Èyí ni Yorùbá ń pè ní súnkì. Ó sì hàn láti inú àlàyé yìí pé òòró ni yóò máa súnkì ju ìbú lọ, nítorí pé òòró ni a nà jù.

Aṣọ òkè kì í ṣe odidi aṣọ kan bí a bá wo bí a ṣe ṣe é. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, tàbí tí ó lé díẹ̀, ni a rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì òòró fẹ̀ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n òun náà a máa ní ojú rírán. Atúmọ̀-èdè ní láti fi èyí sọ́kàn nígbà tí ó bá ń mú ìtọ́ni wá láti ilẹ̀ mìíràn. Sárì olówùú tí wọ́n ń fọwọ́ hun ní Íńdíà, fún àpẹẹrẹ, lè gùn ju mítà 5 lọ, síbẹ̀ odidi ìhun kan ṣoṣo ni, kò sí ojú rírán láàárín rẹ̀ tí a ní láti máa ṣọ́. Nínú aṣọ tiwa, bí ọ̀já kan bá súnkì ju èkejì tí a rán mọ́ ọn lọ, tàbí tí okùn ìránṣọ kò súnkì bí aṣọ ti súnkì, gbogbo ojú rírán náà yóò kákò. Nítorí náà, ó dára kí a rẹ ọ̀já òwú sómi kí a sì sá a kí a tó gbé e fún aránṣọ. Kì í ṣe lẹ́yìn rírán.

Olùkọ́ lè fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ ìwọ̀n àti ìṣirò. Kí ó wá ọ̀já òwú tuntun kan, kí ó fi okùn aláwọ̀ mìíràn sàmì sí ojú méjì tí ó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó rẹ ọ̀já náà sómi di ọjọ́ kejì, kí ó sá a, kí ó sì tún un wọ̀n. Bí 20 bá di 19, aṣọ náà ti fi 5 nínú 100 súnkì. Kí àwọn ọmọ wọn òòró, kí wọ́n sì wọn ìbú, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn yóò rí i fúnra wọn ohun tí ó mú kí a nílò ìperí méjì níbi tí 'gígùn aṣọ' nìkan kò ti ní tó.

3. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú omi

Fọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó fẹ̀ púpọ̀. A ń fọ abọ́, a ń fọ eyín, a ń fọ ilẹ̀. Nínú fífọ aṣọ, ó kó ìṣe bíi márùn-ún pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan: rírẹ̀ aṣọ sómi, fífi ọwọ́ ra á, títẹ̀ ẹ́, ṣíṣan ọṣẹ kúrò lára rẹ̀ àti yíyọ omi inú rẹ̀. Aṣọ líle lè fara da gbogbo wọn. Aṣọ ẹlẹgẹ́ kò lè fara da gbogbo wọn, èyí tí kò sì lè fara dà yàtọ̀ láti aṣọ sí aṣọ. Nítorí náà, ìwé tí ó bá lo fọ̀ nìkan kò tíì sọ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a mú rẹ. A ń rẹ aṣọ sómi, a sì ń rẹ aṣọ láró. Òun ni ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà àdìrẹ. Ní ojú Yorùbá, ìṣe kan náà ni: kí ohun olómi ní àyè àti àkókò láti wọ inú ohun gbígbẹ. Òye tí ó jinlẹ̀ ni èyí, nítorí pé wíwú fọ́nrán ni ó ń jẹ́ kí aró wọlé, wíwú kan náà ni ó sì ń jẹ́ kí ìdọ̀tí tú jáde. A kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ. Ohun tí ó yẹ ni pé kí atúmọ̀-èdè má ṣe fi í sílẹ̀ láìsọ ohun tí a rẹ aṣọ sí àti bí yóò ti pẹ́ tó: 'rẹ ẹ́ sómi tútù fún ìdajì wákàtí'.

Fífi ọwọ́ ra aṣọ ni ó ń ba aṣọ àfọwọ́hun jẹ́ jù. Okùn tí a fọwọ́ ran kì í rí bákan náà jálẹ̀. Ó nípọn níhìn-ín, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún, orí fọ́nrán sì ń yọ lára rẹ̀. Rírà ń fa àwọn orí fọ́nrán yìí síta, títí aṣọ yóò fi máa hu irun. Títẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nínú omi ọlọ́ṣẹ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, tí a sì gbé ọwọ́ kúrò, omi yóò gba inú ìhun kọjá lọ kọjá bọ̀, yóò sì gbé ìdọ̀tí jáde. A dábàá fífọ̀ ní títẹ̀ fún èyí, kí fífọ̀ ní rírà sì jẹ́ ti aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ìlekè.

Bákan náà ni fún àti lọ́. A ń fún ọsàn, a ń fún wàrà. A ń lọ́ okùn. Omi ń jáde nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n fífún ń tẹ aṣọ láti òde wá sínú, nígbà tí lílọ́ ń na okùn òòró àti okùn ìbú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ń fa ojú rírán ya. Mo ti rí ìwé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé kan tí ó túmọ̀ ìkìlọ̀ pé kí a má ṣe lọ́ aṣọ sí 'ẹ má ṣe fún un'. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò gbé aṣọ tí omi kún inú rẹ̀ kọ́ sórí okùn, ìwúwo omi náà yóò sì na aṣọ ju bí ọwọ́ ènìyàn ti lè nà án lọ.

Ní ti agbára aṣọ nínú omi, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti ń rò lọ. Òwú lágbára nígbà tí ó tutù ju ìgbà tí ó gbẹ lọ. Sílíkì kò rí bẹ́ẹ̀; agbára rẹ̀ ń dín kù nínú omi. Reyọ́ọ̀nù ni ó yani lẹ́nu jù. Láti ara igi ni a ti ń mú un jáde, sẹ́lúlóòsì ni òun náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ni ó ń lọ nígbà tí omi bá wọ̀ ọ́. Reyọ́ọ̀nù sì ti wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ òkè ìgbàlódé pẹ̀lú àwọn okùn tí ń dán bí irin. Ìyá àgbà tí ó ń lu aṣọ mọ́ òkúta lẹ́bàá odò kò ṣe àṣìṣe kankan. Kíjìpá ni ó ń fọ̀, òwú tí a ran nílé sì ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí gèlè òde òní yóò kábàámọ̀. Kì í ṣe ìmọ̀ ìyá àgbà ni ó ti gbó, aṣọ ni ó ti yí padà.

Ní ti ọṣẹ, a lè sọ ọ́ ní ṣókí. Yorùbá mọ ohun kíkan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́; wọ́n sì mọ omi eérú, tí aláró ń lò tí ó sì wà nínú ọṣẹ dúdú. Ìdákejì ara wọn ni méjèèjì nínú kẹ́mísìrì, a sì lè fi ìwà kíkan àti ìwà eérú ṣe ìperí wọn láìyá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òwú a máa fara da ìwà eérú, ìwà kíkan ni ó ń jẹ ẹ́. Sílíkì kò fẹ́ ìwà eérú. Èyí ni pé ọṣẹ dúdú kò ní pa kíjìpá lára, ṣùgbọ́n kò yẹ fún sányán. Àti pé ẹni tí ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ yọ àbàwọ́n ìpẹtà lára aṣọ òwú gbọ́dọ̀ ṣan án kúrò pátápátá kí ó tó sá a. Omi bílíìṣì tí a fi ń sọ aṣọ di funfun kò yẹ fún èyíkéyìí nínú wọn. Ó ń já sẹ́lúlóòsì sí wẹ́wẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pa aró run.

4. Aró: jíjáde, lílẹ̀ mọ́ra àti ṣíṣá

Ẹni tí ó ra ẹtù tuntun yóò máa sọ pé aró rẹ̀ 'ń yọ́'. Gbólóhùn yìí kò tọ̀nà nínú sáyẹ́ǹsì, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀. Aró elú kì í yọ́ nínú omi lásán. Nínú ìkòkò aróo, omi eérú àti iṣẹ́ àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ń mú elú kẹ̀ ni wọ́n jọ ń gba ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀. Nígbà náà ni ó tó di ohun tí ó lè yọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń fara jọ ti ewé tí ń pọ́n. Inú ipò yìí ni ó ti ń wọ inú fọ́nrán. Bí aláró bá fa aṣọ sókè, afẹ́fẹ́ yóò dá ọ́síjìn padà fún un, àwọ̀ ewé yóò sì di àwọ̀ aró lójú ẹni. Láti ìgbà náà lọ, kò lè yọ́ mọ́. Ó ti há sínú fọ́nrán bí ẹni tí ó gba ẹnu ọ̀nà tóóró wọlé tí ó wá sanra nínú ilé.

Èyí tí kò ráàyè wọlé, tí ó gbẹ sí ara òkùn níta, ni ó ń jáde nínú omi tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara ẹni tí ó wọ aṣọ náà. Nítorí náà a ní ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Jíjáde ni ti aró tí omi gbé lọ. Lílẹ̀ mọ́ra ni ti aró tí ó fi ara aṣọ sílẹ̀ bọ́ sára ohun mìíràn nígbà tí wọ́n bá ń ra ara wọn, ìbáà jẹ́ pé gbígbẹ ni wọ́n. Ṣíṣá ni ti aró tí oòrùn tàbí bílíìṣì fọ́ sí ohun mìíràn, tí kì í ṣe aró mọ́. Jíjáde àti lílẹ̀ mọ́ra máa ń dín kù bí a ti ń ṣan aṣọ, wọ́n sì lè dópin. Ṣíṣá kì í dópin, kò sì ní àtúnṣe bí kò ṣe kí a tún aṣọ náà rẹ láró. Ìwé tí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ṣíṣá yóò mú kí olówó aṣọ sá fún omi, nígbà tí oòrùn ni ó yẹ kí ó sá fún.

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó gbà pé iyọ̀ ń mú aró dúró, wọn a sì rẹ aṣọ tuntun sómi iyọ̀. A ń gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí láti Íńdíà pẹ̀lú, nípa fífọ sárì tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́. Iyọ̀ wúlò nínú àwọn aró ilé-iṣẹ́ kan, ní àkókò tí a bá ń rẹ aṣọ náà lọ́wọ́, láti lé aró wọ inú òwú. Ṣùgbọ́n kò ní iṣẹ́ kan lórí aró elú tí ó ti gbẹ. Ohun tí ẹtù tuntun nílò ni omi tútù, lọ́tọ̀, láìda aṣọ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, kí a sì máa pààrọ̀ omi náà títí yóò fi mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi iyọ̀ sí i, kò burú, bí ó bá ti ṣan án kúrò. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀.

5. Sísá àti kíká

Sá ń gbé oòrùn lọ́wọ́ nínú ọkàn ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, nítorí 'sá sóòrùn' ni ó wọ́pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbẹ aṣọ ju oòrùn lọ, ìtànṣán oòrùn sì ni ó ń mú aró ṣá tí ó sì ń mú fọ́nrán gbó. Nítorí náà, kí a máa kọ 'sá a sí ibòòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà' ní kíkún, kí a sì fi kún un pé kí inú aṣọ kọjú síta. Orí ẹní tàbí orí aṣọ funfun tí a tẹ́ sílẹ̀ ni ó dára jù fún aṣọ wíwúwo.

Ká ni ọ̀rọ̀ tí ó fún wa ní ìṣòro jù ní ìpín yìí. A ń ká aṣọ, a sì ń ká ẹní, ṣùgbọ́n ìṣe méjì ni. Ẹní tí a ká kò ní ojú ibi tí ó ti ṣẹ́. Aṣọ tí a ká ní. Ojú ṣíṣẹ́ yìí ni fọ́nrán ti ń kọ́kọ́ já, pàápàá bí a bá ń ṣẹ́ ẹ sí ojú kan náà lọ́dọọdún. A dábàá ṣẹ́po fún ti aṣọ tí ó ní ojú ṣíṣẹ́, àti ká bí ẹní fún èkejì. Bí àyè bá wà, kí a ká aṣọ àtàtà bí ẹní mọ́ ara ọ̀pá tí a fi aṣọ funfun mímọ́ wé. Bí kò bá sí, kí a ṣẹ́ ẹ po, ṣùgbọ́n kí a máa tú u lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, kí a sì ṣẹ́ ẹ sí ojú tuntun.

Omi ògì tàbí sítáàṣì tí a fi ń mú aṣọ le kò gbọ́dọ̀ bá aṣọ wọ àpótí. Oúnjẹ ni. Aáyán a máa jẹ ẹ́, aṣọ a sì máa bu lórí rẹ̀. Ohun tí ń mú aṣọ bu jẹ́ ẹ̀yà olú tín-ín-rín tí ń hù níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá lé ní nǹkan bí 65 sí 70 nínú 100 ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ náà lè gbà, ó ti rí àyè. Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀n yìí kò ṣọ̀wọ́n ní ìgbà òjò. Ọ̀rá tí a fi ń wé aṣọ lóde òní ń há ọ̀rinrin mọ́ inú. Aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀ ni ó yẹ láti fi wé e. Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù láti tú àpótí.

6. Káńfọ̀

A mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí pé òun ni ó wúwo jù. Ohun méjì ni ọjà ń pè ní káńfọ̀. Èkíní ni ohun tí ó ni orúkọ náà ní tòótọ́, èyí tí a ń rí lára igi kan ní ìlà-oòrùn Éṣíà, tí ó ní kábọ́ọ̀nù 10, háídírójìn 16 àti ọ́síjìn 1. Èkejì ni náfítálíìnì, ẹyin róbótó funfun tí wọ́n ń tà fún àpótí aṣọ. Láti inú ọ̀dà èédú ni a ti ń yọ ọ́, kábọ́ọ̀nù 10 àti háídírójìn 8 ni ó ní, kò sì ní ọ́síjìn kankan. Funfun ni méjèèjì, òórùn méjèèjì le, méjèèjì sì ń di afẹ́fẹ́ láìkọ́kọ́ yọ́. A lè pe ìwà yìí ní ìdafẹ́fẹ́-láìyọ́. Nítorí ìjọra wọ̀nyí ni orúkọ kan fi bo àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí aṣọ lónìí ni náfítálíìnì.

Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan wà tí a ń pè ní G6PD, tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì náà kí ọ́síjìn má baà jẹ ẹ́ bí ìpẹtà ti ń jẹ irin. Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré rẹ̀. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni ọ̀ràn náà kàn. Obìnrin kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà tí à ń gbà jogún rẹ̀. Ara wọn dá ṣáṣá títí wọn yóò fi pàdé ohun kan lára àwọn ohun tí ń fa ìbàjẹ́ náà, náfítálíìnì sì jẹ́ ọ̀kan. Bí ọmọ tuntun tí ó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí bá fa òórùn rẹ̀ símú, tàbí tí ó gba awọ ara wọlé, sẹ́ẹ̀lì pupa yóò máa fọ́, ojú àti ara ọmọ yóò sì pọ́n. Nínú ọmọ tuntun, ohun tí ń mú ara pọ́n yìí lè dé ọpọlọ. Ó lè sọ ọmọ di adití, ó lè rọ ọ́ lápá àti lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á.

Ẹ wá wo irú aṣọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aṣọ tí ó ti wà nínú àpótí láti ọdún pípẹ́ ni a ń yọ jáde ní ọjọ́ ìkómọ. Kíjìpá ti jẹ́ aṣọ ìpọnmọ láti ayé àwọn ìyá wa. Láti inú àpótí tààrà ni ó ń lọ sára ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ.

Ohun tí ó wá dùn mí jù ni pé òwú kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Òólá, kòkòrò tí a ń torí rẹ̀ ra ẹyin funfun yìí, kì í jẹ sẹ́lúlóòsì. Ìdin rẹ̀ ń jẹ ohun tí ó ti ara ẹ̀dá abẹ̀mí wá: irun àgùntàn, ìyẹ́, àti sílíkì nígbà mìíràn. Sányán lè ní ìdí láti bẹ̀rù rẹ̀. Ẹtù àti kíjìpá kò ní. Ọ̀tá tiwọn ni ikán, eku, aáyán tí ń wá sítáàṣì, àti ọ̀rinrin. Mímọ́, gbígbẹ àti àpótí tí ó jìnnà sílẹ̀ ni ó ń lé àwọn wọ̀nyí.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí atúmọ̀-èdè má ṣe kọ káńfọ̀ ní òun nìkan nínú ìwé kankan tí ó bá kan ìtọ́jú aṣọ tàbí ìtọ́jú ọmọ. Kí ó kọ káńfọ̀ onígi fún èkíní, tí òun náà kì í ṣe ohun jíjẹ nítorí pé ó lè fa gìrì, kí ó sì kọ náfítálíìnì fún èkejì. Aṣọ tí náfítálíìnì bá ti wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọmọ tuntun láìjẹ́ pé a ti fọ̀ ọ́, tí a sì ti sá a sí afẹ́fẹ́ títí òórùn náà fi tán pátápátá. Ní ti aṣọ ọmọ fúnra rẹ̀, kí a má fi í sí i rárá. Ní ti àwọn ìwé tí a ti tẹ̀ jáde, tí wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ lè fi kálàmù kọ náfítálíìnì sí ẹ̀gbẹ́ káńfọ̀ nínú ẹ̀dà ilé-ìwé, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ náà kí wọ́n bi ìyá wọn nílé léèrè èwo nínú méjèèjì ni ó wà nínú àpótí.